Kasẹ́ẹ̀tì Mọ́kànlá Tó Kọjú Sógiri

Bantè, Àìkú, ọjọ́ 9, oṣù kejì 2025

Wọ́n ti fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Rahimath tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kọmíùnù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìrun àsárì, ó bá mi níbi tí mo ti ń tú fóònù ẹnì kan. Ó ní ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ òpó rédíò àtijọ́, wọ́n sì máa wó o lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹrin kó má bàa ya lu ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó wó o, ìlú fẹ́ gbọ́ ìtàn rédíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù ní Bantè nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Samsou. Ẹ bá wa kọ ọ́, èmi á kà á fáwọn èèyàn."

Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ó ti fẹ́ gun ọ̀kadà rẹ̀ kó tó yí padà. "Tẹ́ ẹ bá rí ohùn ìyá mi níbì kan, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé òjò ló ba kasẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí wọ́n kú, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ìyá Nimatou, apàlọ́ ará Akpassi, ni ìyá rẹ̀. Mo ní màá wò ó.

Bàbá Issiaka tún jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń bú òjò. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là, kò sí ìkùukùu òjò kan lójú ọ̀run, ó ń bú òjò. Gbogbo àdúgbò ló ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àtàláátà, ọjọ́ 11

Mo kọ ojú ewé márùn-ún, mo ya méjì. Èyí tó kù nìyí:

Ọdún 1986 ni Rédíò Ohùn Òkè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lórí AM. Ọkọ̀ tó ń kó òwú ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n kọ́ fún un kò gbà á wọlé. Wọ́n fi ọjọ́ méjì wo ara wọn lójú, wọ́n wá wó ògiri. Bàbá Rémy, ará Savalou, ló to gbogbo wáyà rẹ̀ pọ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n ń gbọ́ ọ dé Lougba. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ dé Tchetti, ó ń kọjá sí Tógò. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí, FM, ohùn rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìrìn rìn.

Ìkéde ló pọ̀ jù. Àgùntàn ta ló sọnù. Ẹ sọ fún Lágbájá tó wà lóko pé ìyàwó rẹ̀ ti bí, kó máa bọ̀, kó ra ọṣẹ dání. Kò sẹ́ni tó ní fóònù nígbà náà, ọ̀rọ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn.

Mo kọ ọ́ dé ọdún 1999, ọwọ́ mi dúró.

Jímọ̀, ọjọ́ 14

Moufida ìyàwó mi ní láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń yí kiri lórí ibùsùn bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ó ní, "Ìtàn rédíò ni wọ́n ní kó o kọ, àbí wọ́n pè ọ́ lẹ́jọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. N kò kọ ọ́ sí ibì kankan rí, màá sì kọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún àjèjì, kí n lè rí bó ṣe rí.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, bí ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú kasẹ́ẹ̀tì bá kú, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò kí wọ́n tó ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Bàbá Rémy á gbé kasẹ́ẹ̀tì náà sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ, á kọ ojú rẹ̀ sógiri. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí á gbé obì àti ṣúgà wá láti ṣí ohùn. Bàbá Rémy á yí kasẹ́ẹ̀tì padà, á ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀, à ń gbọ́ yín," á sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn ẹbí mìíràn kì í tètè wá. Wọ́n wà lóko ní Nàìjíríà, tàbí wọ́n ń retí ẹ̀gbọ́n kan. Kasẹ́ẹ̀tì tiwọn á kọjú sógiri fún ọdún kan, ọdún méjì.

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Savalou, ilé ìyá mi, láàárín àwọn Mahi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, kasẹ́ẹ̀tì tó bá kọjú sógiri, wọ́n ti lò ó tán nìyẹn, kí wọ́n pa á rẹ́ kí wọ́n tún un lò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé níbí kò rí bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì béèrè. Kasẹ́ẹ̀tì kò tó wa lò. Lọ́sàn-án Àlàrùbá kan, mo mú òòfà ńlá, mo fi pa mọ́kànlá rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo nu eruku ara wọn. Mo kọ "òfìfo" sí wọn lára. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n máa yìn mí.

Ìyá Nimatou wà nínú wọn. Fatoumata wà nínú wọn, ìyàwó Bàbá Issiaka, ẹni tó ń kọrin láàárọ̀ Jímọ̀. N kò gbọ́ ohùn ọ̀kankan nínú wọn rí. Mo kàn pa wọ́n rẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìjì ká páànù kan lórí ilé rédíò. Nígbà tí ọkọ Ìyá Nimatou gbé obì àti ṣúgà dé, Bàbá Rémy wò mí, ó wo ọkùnrin náà, ó ní òjò ti wọlé, òjò ti bà á jẹ́. Ọkùnrin náà gbé obì rẹ̀ padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni òjò ti ń jẹ̀bi.

Savalou, Àlàmísì, ọjọ́ 20

Mo lọ kí Bàbá Rémy. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, wọ́n gbé e jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti gbọ́ pé kọmíùnù fẹ́ fún òun níwèé ẹ̀yẹ lọ́jọ́ tí wọ́n máa wó òpó. Ó ti ní kí wọ́n lọ fọ kóòtù òun.

Mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Kọ òjò síbẹ̀," ló wí. "Òjò ò lọ́mọ tó máa bínú."

"Bàbá, ọmọ Ìyá Nimatou ló fẹ́ kà á. Òun fúnra rẹ̀."

"Irọ́ tèmi ni, Samsoudine, kì í ṣe tìẹ. Èmi ni mo pa á. Jẹ́ kí n gba ìwé mi ná."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i. Nígbà tí mo dìde, ó pè mí padà. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Lougba, Tidjani, tó máa ń kọ lẹ́tà sí wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tidjani ní rédíò oníkasẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba ètò wa sílẹ̀. "Tó bá ṣì wà láyé, bóyá ohùn obìnrin yẹn wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Àlàmísì, ọjọ́ 27

Kájú ti ń já bọ́. Àwọn tó ń rà á ti dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n wọn, iye tí wọ́n pè láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè nírọ̀lẹ́. Gbogbo ìlú ló wà lóko, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù wá tún ṣe. N kò kọ nǹkan kan. Mo jókòó, mo ń wo òpó láti ẹnu ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 1, oṣù kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Mo gba zémì, ọ̀kadà akérò, lọ sí Lougba. Mo bá ilẹ̀kùn Tidjani ní títì. Aládùúgbò rẹ̀ ní ọjọ́ ti pẹ́ tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Tchetti. Mo bi í bóyá ó kó kasẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Ó ní, "Kasẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ó fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àyè lè gba kasẹ́ẹ̀tì."

Táyà jò lójú ọ̀nà padà. Èmi àti onízémì dúró sábẹ́ igi kájú kan, ẹnu gbẹ, kò sí ẹni tó lè mu omi. Ó bi mí ohun tí mò ń wá kiri nínú ooru báyìí. Mo ní ohùn. Ó wò mí, kò tún béèrè mọ́.

Tchetti, Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15

Mo rí Tidjani. Bàbá tó ṣì le, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Kasẹ́ẹ̀tì kún àpótí mẹ́rin, ìwé kékeré sì wà tó fi ń kọ ohun tó bá gbọ́, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ara mi, ó rántí ohùn mi. Ó ní mo máa ń yára ka ìkéde jù.

Mo bi í léèrè Ìyá Nimatou. Ó ní, "Ó wà. Ọ̀kan péré. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí rédíò fi ń wá ohùn rédíò lọ́wọ́ mi?"

Mo ní ìjì ọdún 1999 ni, òjò wọlé.

Ó fa ìwé kan yọ, ó fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀. "Àtìní ni ìjì náà jà. Mo kọ ọ́ síbí. Àlàmísì ọ̀sẹ̀ náà, ẹ gbé kasẹ́ẹ̀tì wáàsí Àlùfáà Samiou sáfẹ́fẹ́, ó sì mọ́ kedere. Mo ti wá sí ilé rédíò yín rí. Pẹpẹ kan ṣoṣo lẹ ní." Ó pa ìwé dé. "Òjò wo ló ń ṣa òkú kúrò láàárín alààyè?"

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́, àjèjì tí n kò rí rí.

Kò bú mi. Ó ní, "Kasẹ́ẹ̀tì yìí ò ní gba ọwọ́ rẹ kọjá. Mú ọmọ rẹ̀ wá. Kí o sì ti sọ fún un kẹ́ ẹ tó dé, torí tẹ́ ẹ bá dé tó o ò tíì sọ, èmi á sọ."

Àìkú, ọjọ́ 16

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fóònù láti pe Rahimath. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kalẹ̀.

Àtìní, ọjọ́ 24

Rahimath wá fúnra rẹ̀, ó gbé èso máńgòrò wá fún ìṣínu wa. Ó ní ibo ni mo kọ ìtàn dé. Mo ní mo ti fẹ́ parí. Irọ́. Moufida dúró lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́ ọ.

Àtàláátà, ọjọ́ 1, oṣù kẹrin

A ti túnu ààwẹ̀. A ti kírun. N kò ní àwáwí kankan mọ́.

Mo bá a lágbàlá kọmíùnù, lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní, "Rahimath, òjò kọ́. Èmi ni." Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Mo sọ ti òòfà, mo sọ pé mo nu eruku, mo sọ pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ èyí.

Ó ní, "Bàbá mi gbé obì náà padà sílé. Mo rántí. Ọmọdé, mo rí ṣúgà, mo ní kí wọ́n fún mi jẹ. Wọ́n lù mí. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n lù mí láyé nìyẹn."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ 4

Rahimath kò pè. Bàbá Issiaka bú òjò láti àárọ̀ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ sọ fún un, ẹnu mi wúwo. Bó ṣe yẹ kó gbọ́ kọ́ nìyí, lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àbí èmi ni mo ń wá ibi sá sí.

Àtàláátà, ọjọ́ 8

Mo ń ṣí ilẹ̀kùn ni ọ̀kadà Rahimath dúró. "Ẹ gun ún. À ń lọ sí Tchetti." Kò bọ́ àkẹtẹ̀ irin tó fi borí. Títí a fi dé ibẹ̀, kò bá mi sọ gbólóhùn kan.

Bàbá Tidjani wò ó, ó ní, "Ó ti sọ fún ẹ?" Rahimath ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Bàbá náà sì lọ gbé kasẹ́ẹ̀tì wá.

Ni a bá rí i pé rọ́bà inú ẹ̀rọ rẹ̀ ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ra bí oje igi. Kasẹ́ẹ̀tì wà, kò sí ohun tó máa yí i. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo gé tínrín lára túùbù kẹ̀kẹ́ kan tó wà lẹ́yìn ilé. Àkọ́kọ́ gùn jù, ohùn fà. Èkejì já. Ìkẹta gbà.

"Ààlọ́ o."

Ohùn tín-ín-rín, bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. N kò rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ohùn Bàbá Rémy ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló dáhùn: "Ààlọ̀." Ìyá Nimatou bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹtù tó lọ fẹ́ ọmọ alápatà. Kò tíì lọ jìnnà tí nǹkan fi ró gbì nínú yàrá náà, ìtàn sì dúró. Ó ní, "Rahimath, fi okùn yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe ti bàbá ẹ." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìtàn ń bá a lọ.

Rahimath bo ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró, ó ní rọ́bà lè já.

Lójú ọ̀nà, a dúró ra omi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa kà á, èmi kọ́. Orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá."

Mo ní mo gbọ́.

"Mi ò tíì sọ pé mo ti dárí jì yín."

Mo ní mo gbọ́ ìyẹn náà.

Àlàmísì, ọjọ́ 10

Mo sọ fún Moufida. Ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan kan wà láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ "òjò" bí ẹni ń dárúkọ àna. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tìẹ tiẹ̀ ti kọjá ogún." Lẹ́yìn náà ló lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ bùbá funfun mi.

Mo pe Bàbá Rémy. Mo ní, "Bàbá, màá sọ ọ́." Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12

Èèyàn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n wá láti Akpassi, wọ́n wá láti Lougba, àwọn àgbà gbé rédíò àtijọ́ wọn dání bí ẹni pé á tún sọ̀rọ̀. Bàbá Rémy jókòó lápá ọ̀tún nínú kóòtù rẹ̀. Kò wo ojú mi.

Mo ka ti ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn kò gbà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ka ti ìkéde, ẹnì kan kígbe pé òun ni ọmọ tí wọ́n ra ọṣẹ fún. Mo dé ọdún 1999. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́, n kò béèrè, òjò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo ka orúkọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Mo ń gbọ́ wáyà òpó tó ń ró nínú afẹ́fẹ́.

Bàbá Rémy na ọwọ́ sókè. Wọ́n rò pé omi ló fẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo purọ́ mọ́ òjò. Ẹ fún ẹlòmíràn níwèé yẹn." Rahimath lọ gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Rahimath gbé obì àti ṣúgà síwájú mi, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe gbé e kalẹ̀. Mo yí kasẹ́ẹ̀tì tí Bàbá Tidjani fi lé e lọ́wọ́ padà. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Rémy máa ń sọ ló kàn, mo sì wò ó bóyá á fẹ́ sọ ọ́. Ó mi orí pé rárá. Mo ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀, à ń gbọ́ yín."

Ìyá Nimatou sọ̀rọ̀. Nígbà tó pe ọmọ rẹ̀ pé kó fi okùn sílẹ̀, gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, Rahimath náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Bàbá Issiaka ló dìde nígbà tó parí. "Ti Fatoumata ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá. Mo wá a nínú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Tchetti. N kò rí i."

Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá mo ṣì ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó jókòó. Agogo mẹ́rin ni wọ́n fa òpó lulẹ̀. Kò pariwo tó bí mo ṣe rò.

Àìkú, ọjọ́ 13

Òjò rọ̀ láàárọ̀ yìí, àkọ́kọ́ ọdún. Ó rọ̀ gidi, kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù kún.

Mo rò pé Bàbá Issiaka kò ní wá mọ́. Ó wá. Ó dúró lábẹ́ páànù mi, ó ń wo òjò, kò bú u. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síta, omi ń bọ́ sí i. Ó ní, "Má bínú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bú ọ, o ò mọwọ́, o ò mẹsẹ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó fa àga rẹ̀, ó jókòó, ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ ló kàn báyìí," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí àìmọ̀kan mi, ó dé orí òòfà mi, ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Savalou. Láàárín èébú, ó ń sọ bí Fatoumata ṣe ń kọrin, ibi tó ti máa ń mí, ọ̀rọ̀ tó máa ń fà gùn.

Mo gbé àga tèmi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.